Okùn ọrùn épírọ́ọ̀nù tí kì í lọ́, tí kì í hunjọ: àwọn ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dé sí ojú ìwé yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí dá lórí ohun kan ṣoṣo: okùn tó ń gbé épírọ́ọ̀nù kọ́ ọrùn. Àyà épírọ́ọ̀nù á ṣì tẹ́, àpò rẹ̀ á ṣì dúró, ṣùgbọ́n okùn ọrùn á ti lọ́, á ti hunjọ, áyọ́ọ̀nù ò ní ràn án mọ́. Kò sì yẹ ká rí irú rẹ̀ lọ́rùn ẹni tó ń gbé oúnjẹ síwájú èèyàn. A kọ́kọ́ mú lẹ́tà aránṣọ Ìbàdàn, nítorí pé ohun tó dààmú rẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ná ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rán épírọ́ọ̀nù gabadíìnì dúdú fún ilé oúnjẹ kan ní Bódìjà. Nígbà tí mo ń kó wọn fún oníbàárà, okùn ọrùn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìfọ̀ kejì ni gbogbo wọn lọ́. Òró aṣọ ni mo gé okùn náà sí, n kò sì fi sítéè kankan (aṣọ líle tí à ń tẹ́ sínú aṣọ kó lè dúró) sí i. Kí ló fà á? — Aránṣọ, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun. Ẹ gé e dáadáa, ọ̀rọ̀ sítéè kò sì sí níbẹ̀. Ohun tí a fura sí ni bí ẹ ṣe rán etí okùn náà. Ọ̀pọ̀ aránṣọ máa ń rán etí kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á gbé fúùtù (irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́) sókè, wọ́n á yí okùn padà, wọ́n á wá rán etí kejì bọ̀ lókè láì já òwú. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni okùn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Eyín máṣíìnì tó wà nísàlẹ̀ ló ń fa aṣọ lọ. Ìpele aṣọ tó kan eyín yìí máa ń tètè kọjá. Èyí tó wà lókè, tí fúùtù tẹ̀ mọ́lẹ̀, máa ń lọ́ra, díẹ̀díẹ̀ ni fúùtù sì ń tì í síwájú, títí á fi ṣẹ́ kù lẹ́nu ibi tí ẹ bá rán an parí sí. Lórí okùn tó gùn tó ínṣì 24, ohun tó ṣẹ́ kù yìí lè tó 1/8 ínṣì. Bí ẹ bá rán etí méjèèjì láti orí kan náà, apá kan náà ni àṣẹ́kù méjèèjì máa wà, okùn á ṣì tọ́. Bí ẹ bá rán an lọ tí ẹ sì rán an bọ̀, ìpele òkè á yọ sí ìsàlẹ̀ ní etí kan, á yọ sí òkè ní etí kejì, ara okùn á sì máa fà ní ìdàkejì. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná lè bo èyí mọ́lẹ̀ títí oníbàárà á fi gbé ẹrù lọ. Tí omi bá kàn án, fọ́nrán òwú á tú sílẹ̀, okùn á sì gba ibi tí ìrán darí rẹ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ gé okùn náà ní fífẹ̀ ínṣì 4. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ tú u. Ẹ wá ṣẹ́ etí kọ̀ọ̀kan wọnú títí á fi kan ilà àárín, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ tún ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Yóò di ìpele mẹ́rin tó fẹ̀ ní ínṣì 1, kò sì ní nílò sítéè. Ẹ fi píìnì sí i ní ínṣì 3-3. Etí tó ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rán, ní 1/16 ínṣì sí etí. Ẹ já òwú. Ẹ padà sí orí tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rán etí kejì láti ibẹ̀.

Kí ẹ tó rán ojúlówó, ẹ dán máṣíìnì wò. Ẹ ṣẹ́ àgékù aṣọ náà sí ìpele mẹ́rin, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì ínṣì 10 sórí rẹ̀, ẹ rán an, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ti di ínṣì 9¾, fúùtù ti tẹ̀ jù tàbí kí tẹ́ńṣọ̀n òwú òkè (bí máṣíìnì ṣe ń fa òwú náà le tó) ti le jù. Ẹ tú skúrù orí ọ̀pá fúùtù díẹ̀, ẹ dán an wò, kí ẹ tó fọwọ́ kan tẹ́ńṣọ̀n. Tẹ́ńṣọ̀n tó le ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ ìfọṣọ, torí pé òwú pọ́líẹ́sítà máa ń nà bí ẹ bá ń rán an, omi gbígbóná ló sì máa ń dá a padà. Bí ó bá ti padà, á fa aṣọ pọ̀, ojú ìrán á sì hunjọ láti òkè délẹ̀. Abẹ́rẹ́ nọ́ḿbà 14 ni ti gabadíìnì, 16 fún dẹ́níìmù, 12 fún pọ́púlíìnì. Kí ojú ìrán má ju 9 tàbí 10 lọ nínú ínṣì kan. Ojú ìrán tó kéré tó sì pọ̀ máa ń rọ òwú sáàárín fọ́nrán aṣọ, aṣọ kò sì ní ráyè tẹ́.

Àǹkárá ni mo fi ń ṣe ìta okùn ọrùn, mo sì ń fi láínììn dúdú ṣe inú rẹ̀ kó má baà tètè dọ̀tí. Bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, inú á wú, etí á sì ká sókè. Ṣé láínììn yẹn ni kò dára ni? — Oníṣẹ́ ọwọ́, Abẹ́òkúta

Láínììn náà kò ní àbùkù. Òun àti àǹkárá yín ni kò lè bára wọn gbé. Àǹkárá jẹ́ òwú, yóò súnkì nígbà ìfọ̀ àkọ́kọ́. Pọ́líẹ́sítà ni ọ̀pọ̀ láínììn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì. Bí àǹkárá bá súnkì ní ìdá 4 nínú 100, okùn ínṣì 24 á fi bí ínṣì kan kúrú sí i, láínììn inú rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Ínṣì kan tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń wú.

Ẹ lo aṣọ kan náà fún inú àti ìta. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni, ẹ mú àǹkárá tó dúdú fún okùn, kí ẹ fi èyí tó mọ́lẹ̀ ṣe àyà. Bí ẹ bá wá fẹ́ àwọ̀ méjì dandan, kí méjèèjì jẹ́ òwú, kí ẹ sì fọ méjèèjì kí ẹ tó gé wọn.

Fífọ̀ tí a ń wí yìí, wíwọ́n omi sí aṣọ kí á sì lọ̀ ọ́ kò tó o. Ẹ rẹ aṣọ náà sínú omi gbígbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, irú èyí tí ẹni tó máa fọ épírọ́ọ̀nù yẹn gan-an á lò. Ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, nítorí pé sítáàṣì tó wà lára àǹkárá tuntun gbọ́dọ̀ jáde. Òun ló ń gbé aṣọ náà ró tí ẹ fi rò pé ó nípọn. Ẹ ṣan án, ẹ sá a, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ nígbà tó bá ṣì rọ̀ díẹ̀. Ẹ fi sùúrù lọ̀ ọ́ ní òró, kí ẹ má fà á ní ìgun (láti igun sí igun aṣọ).

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí aṣọ kan ń súnkì lè ya ìgúnmẹ́rin ínṣì 20 sórí rẹ̀ pẹ̀lú òwú àti abẹ́rẹ́, torí pé ṣọ́ọ̀kì á parẹ́ nínú omi. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n. Bí ínṣì 20 bá di 19, ìdá 5 nínú 100 ló lọ yẹn. Ẹ wọn òró àti ìbú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òró ló sábà máa ń súnkì jù, torí pé òwú òró ni wọ́n ń nà gan-an lórí òfì tàbí máṣíìnì ìhunṣọ. Èyí kò ní ká wá torí rẹ̀ gé okùn sí ìbú o. Bí òró bá ti súnkì tán, kì í nà mọ́, ìbú sì ń nà lójoojúmọ́ tí épírọ́ọ̀nù bá fi wà lọ́rùn.

Irú sítéè wo ló dára jù fún okùn ọrùn? Gọ́ọ̀mù sítéè (èyí tí à ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ aṣọ) tí mò ń lò máa ń yọ ìléròrò lẹ́yìn ìfọ̀ mélòó kan. — Ọmọ iṣẹ́, Òṣogbo

Bí aṣọ yín bá nípọn tó gabadíìnì, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ìpele mẹ́rin ti tó. Aṣọ fẹ́lẹ́ bíi pọ́púlíìnì ló nílò ìrànwọ́, ìrànwọ́ tó sì dára jù fún un ni aṣọ yẹn kan náà: ẹ gé ọ̀já kan tó fẹ̀ tó 7/8 ínṣì láti ara rẹ̀, ní òró, kí ẹ tẹ́ ẹ sáàárín kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ pọ̀ nígbẹ̀yìn. Bí okùn bá súnkì, òun náà á súnkì, wọn ò ní bára wọn jà.

Ohun tó ń fa ìléròrò lórí okùn yín ni pé gọ́ọ̀mù náà ti ṣí níbì kan, kò sì tíì ṣí níbòmíràn. Ó lè jẹ́ pé ẹ ń wọ́ áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Títẹ̀ ni à ń tẹ gọ́ọ̀mù: ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ẹ fi agbára dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 12 sí 15, ẹ gbé e kúrò pátápátá, kí ẹ tún gbé e lé ibi tó kàn. Ẹ jẹ́ kó tutù lórí tábìlì kí ẹ tó mú un, torí pé gọ́ọ̀mù tó ṣì gbóná kò tíì di nǹkan mú. Bákan náà, ẹ sá fún sítéè tó dà bíi bébà. Nínú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fọ̀ jẹ́jẹ́, ó lè pẹ́. Nínú okùn épírọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fún lójoojúmọ́, ṣe ló máa ń já sí wẹ́wẹ́. Èyí tí wọ́n hun bí aṣọ ni kí ẹ béèrè fún. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ láì lọ̀ ọ́, kí ẹ sì gé e kó fi 1/8 ínṣì kéré sí okùn ní etí kọ̀ọ̀kan, kí abẹ́rẹ́ má baà gún un mọ́ etí.

Okùn ọrùn épírọ́ọ̀nù wa fẹ̀ tó ínṣì 2 kó má baà máa gé wa lọ́rùn. Síbẹ̀ ó máa ń hunjọ lẹ́yìn ọrùn, ì báà jẹ́ tuntun. Ẹni tó rán an ní àwa là ń fọ̀ ọ́ nífọ̀kufọ̀. — Alásè, Ìkẹjà

Ẹ kò fọ̀ ọ́ nífọ̀kufọ̀, ìyá wa. Fífẹ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ọrùn èèyàn kò rí bákan náà láti òkè délẹ̀: ó gbòòrò níbi tó ti kan èjìká, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Okùn tó tọ́ gbọnrangandan tó bá yí i ká, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà gígùn láti rìn, etí òkè ní ọ̀nà kúkúrú. Aṣọ tó bá ṣẹ́ kù ní etí òkè ló ń hunjọ. Bí okùn bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni ìyàtọ̀ àárín etí méjèèjì ń pọ̀ sí i. Ínṣì 1 máa tẹ́, ínṣì 1¼ náà ṣì máa tẹ́. Láti ínṣì 1½ lọ sókè, àfi kí wọ́n gé e ní ṣíṣẹ́kọrọ bíi kọ́là, òró kò sì ní gba gbogbo ara rẹ̀ já mọ́, àwọn ibi tó bọ́ sí ìgun á sì máa nà.

Ohun tó ń gé yín lọ́rùn gan-an ni ìwúwo. Épírọ́ọ̀nù tó ní àpò méjì, tí fóònù, síbí àti ìwé òǹkà oúnjẹ wà nínú rẹ̀, kò yẹ kó gbára lé ọrùn nìkan. Ẹ ní kí wọ́n gbé àpò sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ okùn ìbàdí. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ìdúró látàárọ̀ dalẹ́, okùn tó gba èjìká méjèèjì tó sì kọjá lórí ara wọn lẹ́yìn ló tọ́ sí yín. Kò ní kan ọrùn rárá.

Kí aránṣọ yín tún wo bí wọ́n ṣe so okùn mọ́ àyà. Bí àyà bá fẹ̀ ní ínṣì 10, tí wọ́n sì na okùn sókè ganboro láti igun méjèèjì, okùn gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kó tó lè yí sí ọrùn. Kí wọ́n dà á sínú díẹ̀: bí okùn bá gòkè ní ínṣì 3, kí ó ti fi ààbọ̀ ínṣì súnmọ́ àárín. Kí orí okùn wọ abẹ́ ìṣẹ́tí àyà tó ínṣì 1, kí wọ́n rán ìgúnmẹ́rin 3/4 ínṣì lé e, kí wọ́n sì fa ilà láti igun sí igun nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó so orí kejì, kí wọ́n tẹ́ épírọ́ọ̀nù sórí tábìlì, kí wọ́n sì fọwọ́ tọ okùn náà láti òkè délẹ̀. Okùn tó bá ti yí lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó so ó kò ṣeé tún ṣe mọ́ àfi kí wọ́n tú u. Píìnì kan ní ojú òde orí kọ̀ọ̀kan ti tó láti fi dá a mọ̀.

Fún ilé iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ga jura wọn, ẹ lo òrùka irin méjì dípò okùn tó kún. Kí òrùka wà ní apá òsì níwájú, lókè àyà díẹ̀, kó má lọ sí ẹ̀yìn ọrùn. Kí irin náà jẹ́ èyí tí kì í dípẹtà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fi àbàwọ́n sára aṣọ funfun tí ọṣẹ kankan kò ní yọ.

Ẹgbẹ́ kan gbé iṣẹ́ épírọ́ọ̀nù 50 fún mi. Yáàdì mélòó ni kí n rà fún okùn ọrùn nìkan? — Aránṣọ, Ilé-Ifẹ̀

Ká ní gabadíìnì tó fẹ̀ ní ínṣì 60 ni. Lẹ́yìn ìfọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ lè di bí ínṣì 58. Bí ẹ bá gé etí aṣọ méjèèjì dànù, ẹ ó rí bí ínṣì 57. Ọ̀já ínṣì 4-4 á jáde níbẹ̀ lọ́nà 14. Ẹ má fi etí aṣọ ṣe okùn nítorí kí aṣọ má baà ṣòfò, torí pé ó le ju ara aṣọ tó kù lọ, ó sì máa ń fa okùn sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n bá fọ̀ ọ́.

Okùn ínṣì 24 tó ní ínṣì 1 fún síso ní orí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 26. Ìlà mẹ́rin á fún yín ní okùn 56, ó tó 50, ẹ sì ní mẹ́fà fún àbùkù. Ínṣì 26 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 104. Yáàdì 3 jẹ́ 108, ó dà bíi pé ó tó, ṣùgbọ́n bí aṣọ bá súnkì ní ìdá 5 nínú 100 yóò ku bí 102½, okùn 14 á sì kúrú. Ẹ ra yáàdì 3¼. Kí gbogbo rẹ̀ wá láti ara ìdì aṣọ kan náà. Bí ẹ bá padà lọ sí Gbági lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọ̀ kan náà lè wà níbẹ̀ kí ìsúnkì rẹ̀ má rí bákan náà.

Ọmọbìnrin méjì ló ń bá mi fọ épírọ́ọ̀nù ní ṣọ́ọ̀bù. Báwo ni kí wọ́n ṣe é tí okùn ọrùn kò fi ní bàjẹ́? — Ìyá olóúnjẹ, Ìlọrin

Kí wọ́n má fi okùn fún aṣọ. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe: wọ́n á ká épírọ́ọ̀nù jọ, wọ́n á di okùn mú lápá kan, wọ́n á máa lọ́ ọ. Kí wọ́n ká aṣọ náà sí àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n tẹ omi jáde lára rẹ̀ láì lọ́ ọ.

Òógùn àti òróró ló máa ń wà lẹ́yìn okùn, níbi tó ti kan ọrùn. Kí wọ́n fi ọṣẹ pa ibẹ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, kí wọ́n sì fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ ní gígùn. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ń gba ìbú kọjá, ó ń ti ìpele òkè kúrò lórí ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹran àti ẹyin fẹ́ omi tútù ní àkọ́kọ́, òróró ló fẹ́ gbígbóná. Kí wọ́n ṣan án títí omi á fi mọ́, torí pé ọṣẹ tó bá kù nínú ìpele mẹ́rin á gan, okùn á sì le gbagidi.

Tí wọ́n bá ń sá a, kí wọ́n má fi okùn ọrùn gbé e kọ́. Épírọ́ọ̀nù tó rẹ wúwo, yóò sì na okùn. Kí wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, kí okùn máa rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n di orí okùn méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n fà á tọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe èyí nígbà tó ṣì rẹ, wọn lè máà nílò áyọ́ọ̀nù rárá. Bí wọ́n bá máa lọ̀ ọ́, kí ó ṣì rọ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ láti orí tí ìrán ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń se oúnjẹ tà. Máṣíìnì ló ń fọ̀, máṣíìnì ló ń gbẹ ẹ́, okùn sì máa ń kọ́ra bí ìfun. — Alásè, Peckham

Okùn ìbàdí ló ń wé mọ́ okùn ọrùn. Ẹ so okùn ìbàdí méjèèjì pọ̀ ní ìsokò tó dẹ̀ kí ẹ tó kó wọn sínú máṣíìnì, kí ẹ ṣẹ́ àyà wọnú kí okùn ọrùn lè wà láàárín, kí ẹ sì kó épírọ́ọ̀nù mẹ́ta mẹ́ta sínú àpò nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kún máṣíìnì ju ìdajì lọ. Ẹ dín yíyí rẹ̀ níparí, tó fi ń fún omi jáde, kù sí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú máṣíìnì ìgbẹṣọ, ẹ yọ wọ́n nígbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n gbẹ, ẹ fà wọ́n tọ́, kí ẹ fi wọ́n kọ́. Omi Lọ́ńdọ̀nù le púpọ̀, ó ń jẹ́ kí aṣọ gan, nítorí náà ẹ wo ara páálí ọṣẹ yín fún ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún omi líle.

Ṣé okùn báàgì tí wọ́n ń tà ní yáàdì yáàdì kò ní rọrùn jù gbogbo wàhálà yìí lọ? — Aránṣọ, Àkúrẹ́

Ó rọrùn láti rán, kì í sì í súnkì. Ṣùgbọ́n pọ́lípúrópílíìnì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ó ń yọ́ ní bí 160 sí 165 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbé sí ojú mẹ́ta fún òwú sì ń gbóná tó 200. Ẹni tó bá ń lọ épírọ́ọ̀nù kò ní rántí pé ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ara rẹ̀. Ó tún máa ń ha ọrùn tó ti làágùn. Èyí tí wọ́n fi òwú hun sàn jù, bí ẹ bá lè rí i. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí ẹ tó gé e, torí pé òun ń súnkì, kí ẹ sì ṣẹ́ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó rán an mọ́ àyà, kó má baà tú.